Spindle kò yí, orí ẹ̀rọ kò rìn: ibo ni àṣẹ já sí láàárín LinuxCNC àti VFD?

Ẹ kọ M3 S12000 sójú LinuxCNC, ẹ tẹ bọ́tìnnì, spindle kò mira. Tàbí kẹ̀, spindle ń yí kíkankíkan, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ dúró sójú kan, kò lọ, kò bọ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà. Tàbí gbogbo nǹkan ń lọ geere, àfi bí spindle ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yí ni kọ̀ǹpútà pariwo pé ẹ̀rọ ti dé òpin àtẹ, nígbà tó jẹ́ pé àárín gbùngbùn ló wà.

Ohun mẹ́ta yìí ló ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbẹ́ǹkan tí kọ̀ǹpútà ń darí, láàmú jù. Àwọn kan á lọ ra VFD tuntun. Àwọn kan á yí nọ́ńbà inú VFD káàkiri títí wọn ò fi ní rántí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Àṣẹ ló já lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wá ibi tó já sí.

Kí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí?

LinuxCNC ni sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń sọ kọ̀ǹpútà lásán di ọpọlọ ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ pákó, ike tàbí irin. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọdún 1990 ń lọ sí 2000, EMC sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Bí ẹ bá rí àlàyé àtijọ́ tó ń sọ̀rọ̀ EMC2, òun náà ni. Orúkọ ló yí padà.

G-code ni èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀. M3 ní kí spindle máa yí, M5 ní kó dúró, nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé S sì ni iye ìgbà tí a fẹ́ kó yí láàárín ìṣẹ́jú kan. G0 ní kí orí ẹ̀rọ sáré lọ síbì kan láìgbẹ́ nǹkan. G1 ní kó máa gbẹ́ lọ.

HAL ni abala tó so LinuxCNC pọ̀ mọ́ ayé ìta. Ẹ rò ó bíi pátákó tí oníná máa ń kàn mọ́ ògiri, tí gbogbo wáyà ilé pàdé lórí rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan lórí pátákó náà ni wọ́n ń pè ní pin. Wáyà tó so ihò kan mọ́ òmíràn kì í ṣe bàbà o, ìlà ọ̀rọ̀ kan ni nínú fáìlì, ó sì lè já bíi wáyà gidi bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan kọ.

Spindle ni mọ́tọ̀ tó di irin tó ń gbẹ́ nǹkan mú. VFD ni àpótí tó wà láàárín iná ilé àti spindle. Huanyang HY02D223B, ti 2.2 kW láti Ṣáínà, ni a máa fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín nítorí pé ó wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Bí ti yín bá jẹ́ irú mìíràn, nọ́ńbà ètò rẹ̀ á yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò yàtọ̀.

Kí ni VFD ń ṣe gan-an, kí ló sì ń jó spindle?

Iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun là ń pè ní 50 Hz. Spindle tó yẹ kó yí nígbà 24000 láàárín ìṣẹ́jú kan kò lè jó sí ìlù tó lọ́ra bẹ́ẹ̀. VFD á gba iná náà, á kọ́kọ́ sọ ọ́ di iná tí kì í lọ tí kì í bọ̀, irú ti bátìrì, tó tó nǹkan bíi fóltì 310 sí 325, á sì kó o pamọ́ sínú kapásítọ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gé e jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí wáyà mẹ́ta, U, V àti W, ní ìwọ̀n ìlù tí a bá pè.

Onílù ni VFD, oníjó ni spindle. Hz ni ìyára ìlù, fóltì ni agbára tí ọwọ́ onílù fi ń balẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí spindle yóò yí, ẹ fi 120 sọ Hz di púpọ̀, kí ẹ fi iye ojú òòfà inú spindle pín in. Ojú òòfà 2 ló wà nínú ọ̀pọ̀ spindle wọ̀nyí, nítorí náà 400 Hz á fún yín ní 24000, 200 Hz á sì fún yín ní 12000.

Ọwọ́ àti ìlù gbọ́dọ̀ jọ máa gòkè ni. Ibí yìí ni àṣìṣe tó ń jó spindle wà, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró kà á dáadáa. Spindle 400 Hz ń fẹ́ fóltì 220 nígbà tí ìlù bá dé 400. Ní 50 Hz, fóltì 27.5 péré ló yẹ kó gbà. Ṣùgbọ́n VFD tuntun sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú ètò mọ́tọ̀ lásán, ìyẹn fóltì 220 ní 50 Hz. Ẹni tó bá so spindle mọ́ ọn láìyí ètò yìí ti fi iná tó tó ìlọ́po mẹ́jọ lù ú. Bí VFD kò bá tètè gbé ara rẹ̀ pa, spindle á máa kùn, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Owó ńlá á ti ṣòfò kí ẹ tó gbẹ́ pákó kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ tan VFD láìtíì so U, V, W, kí ẹ sì ṣe ètò yìí. PD ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan nínú VFD yìí. PD005 ni kí ẹ kọ́kọ́ yí sí 400, nítorí òun ni òrùlé tí àwọn nọ́ńbà Hz yòókù kò gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, PD004 sí 400, PD072 sí 400, PD008 àti PD141 sí 220, PD143 sí 2. PD142 ni iye ámpù tí wọ́n kọ sára spindle yín. Ẹ kà á níbẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. PD144 máa ń da àwọn ènìyàn rú: 3000 ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe 24000, torí iye tí spindle máa yí ní 50 Hz ni VFD ń béèrè. Bí wọ́n bá kọ 300 Hz sára spindle yín, 300 ni òrùlé yín, ẹ má gbé e dé 400.

Ó ku PD011, tó ń sọ ìlù tó lọ́ra jù tí VFD gbọ́dọ̀ lù. Spindle tí fáànù ń fẹ́ sí, orí ọ̀pá kan náà ni fáànù rẹ̀ wà. Bí ọ̀pá bá lọ́ra, fáànù náà á lọ́ra, ooru kò sì ní rí ibi gbà jáde. Ẹ fi PD011 sí 120, kó má baà yí kéré sí 7200. Ti olómi lè gba 100, ìyẹn 6000.

Ẹnu ọ̀nà wo ni VFD ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti?

Ọ̀nà mẹ́ta ni àṣẹ ń gbà wọ inú VFD: bọ́tìnnì ojú rẹ̀, ihò súkúrù tí a ń so wáyà mọ́, àti wáyà RS485 tí kọ̀ǹpútà fi ń bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà. PD001 ló ń sọ ibi tí yóò ti gbọ́ "yí" àti "dúró". PD002 ló ń sọ ibi tí yóò ti gbọ́ iye ìyára. Bọ́tìnnì ni 0, ihò súkúrù ni 1, RS485 ni 2.

Bí LinuxCNC bá ń kan ilẹ̀kùn iwájú, tí VFD sì tẹ́tí sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ lè pààrọ̀ wáyà títí di alẹ́, kò ní dáhùn. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò nìyẹn. Ẹ sì lè fi dán spindle wò: ẹ fi méjèèjì sí 0, kí ẹ tẹ RUN lójú VFD. Bí spindle bá yí dáadáa, VFD àti spindle kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni ẹjọ́ wà.

Spindle kò yí rárá: báwo ni mo ṣe máa tọpa àṣẹ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orísun, kí ẹ máa bọ̀ wá sísàlẹ̀. Nígbà tí LinuxCNC bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí terminal, kí ẹ kọ:

halcmd show pin spindle.0

Lẹ́yìn M3 S12000, spindle.0.on gbọ́dọ̀ jẹ́ TRUE, spindle.0.speed-out sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 12000. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣẹ kò tíì kúrò lọ́dọ̀ LinuxCNC rárá. Ó lè jẹ́ pé bọ́tìnnì pàjáwìrì ṣì wà ní títẹ̀, tàbí pé ẹ kò tíì tẹ F2 láti jí ẹ̀rọ, tàbí pé ẹ kọ M3 láìkọ S, èyí tó túmọ̀ sí "yí, ṣùgbọ́n ní òdo". Bí LinuxCNC bá kọ̀ láti ṣí rárá, tó ń sọ pé kò mọ pin kan tó ń jẹ́ motion.spindle-speed-out, ètò àtijọ́ lẹ dà sínú tuntun: láti ẹ̀dà 2.8 tó jáde ní ọdún 2020 ni orúkọ náà ti di spindle.0.speed-out.

Bí orísun bá mọ́, ẹ lọ sí ibi kejì. Ẹni tó bá ń lo RS485 pẹ̀lú Huanyang ní láti lo hy_vfd, ògbufọ̀ tó wà láàárín LinuxCNC àti VFD yìí, nítorí pé èdè tí VFD náà ń sọ jọ Modbus, èdè tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lójú lásán, kì í ṣe Modbus gidi. Ọ̀pọ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ gbáko ṣòfò lórí irinṣẹ́ Modbus mìíràn tí kò lè gbọ́ ọ láéláé. Ẹ kọ halcmd show pin hy_vfd, kí ẹ wo pin méjì: hy_vfd.enable gbọ́dọ̀ jẹ́ TRUE, hy_vfd.hycomm-ok náà gbọ́dọ̀ jẹ́ TRUE. Bí enable bá jẹ́ FALSE, inú fáìlì HAL yín ni wáyà ti já. Bí hycomm-ok bá jẹ́ FALSE, ẹ̀yin pẹ̀lú wáyà gidi ni.

Ní ti wáyà gidi yẹn, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Wọ́n pààrọ̀ RS+ àti RS- fún ara wọn; ẹ yí wọn padà, kò ní ba nǹkan jẹ́. PD163 kì í ṣe 1. PD164 jẹ́ 1, ìyẹn 9600, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn lẹ kọ tẹ̀ lé -r níbi tí ẹ ti pe hy_vfd. PD165 kì í ṣe 3. Tàbí pé Linux kò gba orúkọ yín láyè láti fọwọ́ kan ihò náà: ẹ fi orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ dialout, ẹ jáde, ẹ tún wọlé. Èyí tó ń ṣẹ̀rù bani jù ni VFD tó ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni Linux sọ ohun tó ń jẹ́ /dev/ttyUSB0 lánàá di /dev/ttyUSB1 lónìí nítorí pé ẹ ki USB mìíràn bọ̀ ọ́. Ẹ lo orúkọ gígùn tó wà nínú /dev/serial/by-id, òun kì í yí padà.

Bí VFD bá kọ 200 Hz sójú, tí spindle sì ń kùn láìyí, wáyà kan nínú U, V, W ló ti já. Ẹ pa iná, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 gbáko, torí iná inú kapásítọ̀ ṣì lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí ojú VFD bá ti ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà mẹ́ta náà lára VFD, kí ẹ fi mítà wọn ohm láàárín wọn ní méjì-méjì. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu.

Spindle ń yí, kí ló dé tí orí ẹ̀rọ kò rìn?

Awakọ̀ dánfó kì í gbéra títí kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò fi lu ara ọkọ̀ pé ó yá. LinuxCNC náà ní kọ̀ńdọ́kítọ̀ tirẹ̀: pin tó ń jẹ́ spindle.0.at-speed. Bí pin yìí bá jẹ́ FALSE, LinuxCNC gbà pé spindle kò tíì yára tó, kò sì ní ṣe G1 kankan, torí bí irin tí kò tíì yára bá wọ pákó, kíkán ló máa kán. G0 á ṣiṣẹ́, G1 kò ní ṣiṣẹ́. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ ọ́n nìyẹn, kò sì ní kọ ìkìlọ̀ kankan.

Bí ẹ kò bá so at-speed mọ́ nǹkan kan, ó máa ń wà ní TRUE. Ìgbà tí ẹ bá so ó ni wàhálà dé. hy_vfd fẹ́ kí ìyára gidi súnmọ́ èyí tí ẹ pè débi pé ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ẹ wá wò ó: ẹni tó pe S5000 nígbà tí PD011 wà ní 120 kò lè rí i gbà, torí VFD kò ní yí kéré sí 7200. Spindle ń yí, LinuxCNC ń dúró de 5000, 5000 kò sì ní dé láéláé. Ẹ pe iye tí VFD gbà. Bí ìyàtọ̀ bá kéré ṣùgbọ́n tó ṣì ń dí ọ̀nà, ẹ gbé hy_vfd.spindle-at-speed-tolerance láti 0.02 sí 0.05.

Mo pe 12000, kí ló dé tó fún mi ní 9600?

Èyí jẹ́ ti àwọn tó ń fi fóltì 0 sí 10 pe ìyára. Bí fóltì 10 bá dúró fún 24000, 12000 gbọ́dọ̀ jẹ́ fóltì 5 géérégé. Ẹ fi mítà wọn láàárín ihò súkúrù VI àti ACM lára VFD. Bí mítà bá sọ pé 4, kọ̀ǹpútà ló fi díẹ̀ pamọ́: pwmgen.0.scale yín, nọ́ńbà inú HAL tó dúró fún ìyára tó ga jù, kì í ṣe 24000. Bí mítà bá sọ pé 5 ṣùgbọ́n tí VFD kọ 160 Hz sójú, inú VFD ni àṣìṣe wà. Ẹ wo PD070, tó gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, àti PD072. Bí mítà bá sì sọ pé òdo, ẹ wo bóyá ẹ ti fún pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ní iná tirẹ̀ láti 12 sí 24. Púpọ̀ nínú àwọn pátákó olówó pọ́ọ́kú kò lè dá fóltì 10 sílẹ̀ láti inú fóltì 5 ti USB.

Kí ni lẹ́tà tó ń tàn lójú VFD ń sọ?

E.oc.A: onílù sáré ju oníjó lọ. Iná pọ̀ jù nígbà tí spindle ń gbéra. Ẹ fa PD014 gùn, láti ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 3 sí 8 tàbí 10.

E.ou.d: nígbà tí spindle ń lọ sílẹ̀, agbára yíyí rẹ̀ ń sọ ọ́ di jẹnẹrétọ̀, ó ń da iná padà sínú kapásítọ̀ títí fóltì ibẹ̀ fi kọjá ààlà. Ẹ fa PD015 gùn, tàbí kí ẹ so rẹ̀sísítọ̀ ìdádúró mọ́ ihò P àti Pr lára VFD.

E.Lu: iná tó ń wọlé kò tó. Ní ọ̀dọ̀ wa, èyí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́ kí ẹ tó fura sí VFD. Ẹ wọn fóltì ara ògiri nígbà tí spindle ń gbẹ́, kì í ṣe nígbà tó sinmi, torí iná tó kọ 210 nígbà ìsinmi lè já sí 170 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò pé 1 kW kò lè gbé spindle 2.2 kW, bó ti wù kí ẹ tún ètò ṣe tó.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé òun kan òpin àtẹ?

Gígé tí VFD ń gé iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ń dá ariwo sílẹ̀ tí etí wa kò gbọ́, ṣùgbọ́n tí wáyà tó wà nítòsí ń gbọ́. Wáyà súwíìṣì òpin àtẹ dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ohun tí kò sọ ni wọ́n á gbọ́. USB tó ń já nígbà tí spindle bá gbéra, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ lo wáyà spindle tó ní aṣọ irin lára, kí aṣọ irin náà sì kan ihò E ti VFD. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wáyà súwíìṣì tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má sùn ti ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná, kí ẹ wọn ohm láàárín ara irin spindle àti wáyà tó ń lọ sínú ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ohm 1 lọ. Nínú ọ̀pọ̀ spindle láti Ṣáínà, ẹsẹ̀ kẹrin lára ihò wáyà rẹ̀ kò kan nǹkankan nínú, nítorí náà ara irin rẹ̀ kò ní ilẹ̀ rárá. Kì í ṣe ariwo nìkan ló ń fà. Bí wáyà inú rẹ̀ bá bó lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà kọjá. Ẹ so ó.

HAL ní debounce, tó lè sọ fún LinuxCNC pé kó má ka ariwo kúkúrú sí. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fi í bo wáyà burúkú mọ́lẹ̀.

"Unexpected realtime delay" ń kọ́?

Ìkìlọ̀ tí LinuxCNC máa ń kọ nìyí, kò kan VFD. Kọ̀ǹpútà ló pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá ń fi ìṣísẹ̀ ránṣẹ́ sí mọ́tọ̀ àtẹ, ó máa ń ṣiṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan nínú 25000 nánósẹ́kọ́ńdì tàbí nǹkan tó súnmọ́ ọn, bó bá sì pẹ́, mọ́tọ̀ á fo ìṣísẹ̀. Ẹ jẹ́ kí latency-test, irinṣẹ́ LinuxCNC tó ń wọn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pẹ́ tó ní nánósẹ́kọ́ńdì, ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan nígbà tí ẹ ń ṣí nǹkan mìíràn lójú kọ̀ǹpútà. Bí nọ́ńbà tó ga jù kò bá ju 20000 lọ, kọ̀ǹpútà náà dára gan-an. 30000 sí 50000 ṣì ṣe é lò, ṣùgbọ́n ìyára ẹ̀rọ á dín kù. Bó bá dé 100000, ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn, tàbí pátákó bíi ti Mesa tó máa bá a ka ìṣísẹ̀ náà. Inú BIOS ni ìwòsàn rẹ̀ sábà máa ń wà: ẹ pa C-states àti gbogbo ètò tó ń dín agbára kọ̀ǹpútà kù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni LinuxCNC máa ń kọ ìkìlọ̀ yìí lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i mọ́, ẹ ti LinuxCNC pa, ẹ tún un ṣí, kí ẹ tó gbà pé ó ti lọ.